Ọ̀rọ̀ “Jẹ́wọ́” Tí Wọ́n Fi Na Àkànmú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gun ọkọ̀ ojú irin lọ sí Èkó lónìí, tí ẹ ń na ọwọ́ ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójú fèrèsé, ẹ ò mọ ẹni tí wọ́n nà nítorí irin yẹn. Èmi mọ̀ ọ́n. Irin ti dé Òṣogbo nígbà tí mò ń wí yìí, àmọ́ kò tíì pẹ́ tó dé. Àwọn àgbà kan ṣì wà ní Ẹdẹ tí wọn kì í fẹ́ fẹsẹ̀ kàn án. Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ti jókòó sí Òṣogbo, ó ń pàṣẹ fún àwọn tó bí wa lọ́mọ. Èmi Àjàní jẹ́ lébìrà lójú irin, láti téṣàn Ẹdẹ títí dé ibi tí irin ti sún mọ́ odò Ọ̀ṣun.

Mo ti darúgbó báyìí. Wọ́n ní àgbà kì í di kùnsínú. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ṣu ní í gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Inú ṣì ń bí mi, ìbínú náà ni mo sì fi ń kọ ìwé yìí. Ẹni tó bá fẹ́ ìtàn tútù, kó wá a lọ síbòmíràn.

Ẹ̀gbọ́n Àkànmú ni olórí ẹgbẹ́ wa, àwa méjìlá tí à ń to òkúta sábẹ́ irin. Ó ti ṣiṣẹ́ l'Ékòó rí, ibẹ̀ ló ti gba batísí nínú ìjọ Kátólíìkì. Òun ló kọ́ èmi náà ní àdúrà, òun ló kọ́ mi ní a, b, d. Àgùdà ni wọ́n ń pè wá, torí pé àwọn tó ti oko ẹrú dé láti ilẹ̀ Àgùdà ló kọ́kọ́ mú ìsìn náà wá s'Ékòó. A ò pé ogún ní gbogbo Ẹdẹ. A ò ní ṣọ́ọ̀ṣì. Yàrá òfìfo kan wà lẹ́yìn téṣàn. Tí Fádà bá ti Òṣogbo wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ibẹ̀ la ti ń ṣe Míísà. Yàrá náà kò ní ìlẹ̀kùn, ẹni tó bá ń kọjá lọ á rí gbogbo ohun tí à ń ṣe.

Ohun tí ìlú fi ń ṣẹ̀sín wa jù ni ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀. Fádà á jókòó sórí àpótí, á fi aṣọ kékeré aláwọ̀ àlùkò sọ́rùn, àwa á sì máa wọlé lọ kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Àjàní, o tún lọ ròyìn ara rẹ fún òyìnbó?” Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á wí. “Ṣé Ọlọ́run kò gbọ́ Yorùbá ni?”

Ẹnu mi kì í dákẹ́ nígbà náà. Mà á ní, “Tí o bá ṣẹ bàbá rẹ, ṣé inú yàrá rẹ lo ti ń dọ̀bálẹ̀ fún un? Ṣebí o ó wá àgbà kan tí yóò mú ọ lọ, tí yóò gbọ́ ẹjọ́ rẹ, tí yóò ní ‘Ó ti tán, dìde’? Ọlọ́run ló ń dárí jini. Àmọ́ Olúwa wa mọ̀ pé etí ọmọ ènìyàn fẹ́ gbọ́ ọ ketekete, ìyẹn ló ṣe fi iṣẹ́ náà lé àwọn àpọ́sítélì lọ́wọ́.”

“Tí Fádà bá wá mu ẹmu tán, tó lọ sọ ọ́ ńkọ́?”

“Kò lè sọ ọ́. Ẹ fi àdá sí i lọ́rùn, kò ní sọ ọ́. Etí ló ní níbẹ̀, kò ní ẹnu.”

Mo máa ń fi èyí yangàn gan-an. Mi ò mọ̀ pé wọn yóò fi àdá síbẹ̀ lóòótọ́, àti pé ọrùn Fádà kọ́ ni wọn yóò fi í sí.

Akọ̀wé kóòtù ni ọ̀tá wa. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Kì í ṣe pé ẹ̀rù ń bà mí o. Mi ò fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ pẹ́ láyé ni. Ará Èkó ni. Àwọn ìjòyè ló ń jókòó dájọ́, àmọ́ òun nìkan ló mọ̀wé òyìnbó níbẹ̀, ohun tó bá kọ ni Ajẹ́lẹ̀ ń kà. Ẹ ò rí i pé òun gan-an ló ń dájọ́. Ó dá oko iṣu ńlá kan sí ọ̀nà Sekona, ó sì ń kó àwọn lébìrà irin lọ kọ ebè níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ Àìkú, bí ẹni pé ẹrú ilé bàbá rẹ̀ ni wá. Kò sẹ́ni tó lè kọ̀ fún un, àfi Àkànmú.

Ojú mi ló ṣe. Ó wá bá wa lójú irin ní ọjọ́ Sátidé kan, ó ní ká mú ọkọ́ wa dání lọ́la.

Àkànmú ní, “Akọ̀wé, ẹ má bínú. Ọjọ́ Olúwa ni ọ̀la. Ìjọba ló ni wá láti ọjọ́ Ajé títí di òní. Ebè yín kì í ṣe ojú irin.”

“Èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí?”

“Ẹ̀yin ni mò ń bá sọ ọ́, sà.”

“Ó dáa. A ó jọ rí ara wa.”

Láti ọjọ́ yẹn, ẹnikẹ́ni nínú wa kò dé oko rẹ̀ mọ́. Àwa Àgùdà kò lọ, àwọn Mùsùlùmí inú wa kò lọ. Iṣu rẹ̀ kún fún koríko. Inú wa dùn títí.

Nígbà tó ṣe, garawa epo òyìnbó mẹ́ta pòórá nínú ilé ìkẹ́rù ní téṣàn. Di bí mo ṣe ń sọ yìí, mi ò mọ ẹni tó jí i. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Fádà wá. Àkànmú wọlé lọ kúnlẹ̀, ó sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ pọ́n, ó ń fi apá aṣọ nu ún. Mi ò mọ ohun tó sọ, kò sì kàn mí. Akódà kóòtù kan ń kọjá lọ, ó dúró, ó bi mí pé:

“Àjàní, kí ni olórí yín ń ṣe níbẹ̀ tó fi pẹ́ tó báyìí?”

Ẹ̀yin ọmọ, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí ó kúrò lọ́rùn mi. Mo lè dákẹ́. Mo lè ní ó ń gbàdúrà. Àmọ́ mo gbé àyà sókè bí àkùkọ adìẹ, mo ní:

“Ó ń jẹ́wọ́ ni.”

“Ó ń kí ni?”

“Ó ń jẹ́wọ́! Gbogbo ohun tó ṣe ló ń jẹ́wọ́ rẹ̀. Àwa kì í fi bò bíi tiyín.”

Ẹyin lohùn. Akódà náà kàn mi orí, ó lọ. Ní ọjọ́ kejì wọ́n wá mú Àkànmú lójú irin, òkúta ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Àwọn ìjòyè tó jókòó dájọ́ kì í ṣe ènìyàn burúkú. Olórí wọn tilẹ̀ jẹ́ àgbà oníwà pẹ̀lẹ́ kan tí kì í pariwo. Àmọ́ Akọ̀wé dìde, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn ní Yorùbá, èdè tí wọ́n bí wọn sí.

“Ẹ̀yin bàbá wa, nínú èdè yìí, ta ní í jẹ́wọ́? Àjẹ́ ní í jẹ́wọ́. Olè ní í jẹ́wọ́. Ẹni tí kò ṣe nǹkan kan, kí ni yóò máa jẹ́wọ́ rẹ̀, tí yóò tún máa sunkún?”

Wọ́n pè mí síwájú. Ó bi mí bóyá mo sọ ọ́ tàbí mi ò sọ ọ́.

“Mo sọ ọ́, àmọ́ ìjẹ́wọ́ tiwa…”

“Ó tó. Jókòó.”

Mo jókòó. Orí mi ò! Ǹ bá má jókòó. Wọ́n ránṣẹ́ pe Fádà láti Òṣogbo, ó sì wá, irùngbọ̀n rẹ̀ kún fún eruku. Ó gbọ́ Yorùbá dáadáa, imú ló kàn fi ń sọ ọ́. Olórí àwọn ìjòyè bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀:

“Fádà, a ò ní kí ẹ sọ gbogbo rẹ̀. Ṣé ó mẹ́nu ba epo òyìnbó?”

“Mi ò lè sọ.”

“Ẹ kàn sọ pé ‘bẹ́ẹ̀ kọ́’, a ó sì tú u sílẹ̀ kó máa bá ìyàwó rẹ̀ lọ.”

Fádà nu òógùn ojú rẹ̀. Ó ní, “Bàbá, tí mo bá sọ pé ‘bẹ́ẹ̀ kọ́’ fún ẹni tòní, tí ẹ wá bi mí nípa ẹlòmíràn lọ́la, tí mo dákẹ́, mo ti tú àṣírí ẹni tọ̀la nìyẹn. Mi ò lè sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sì lè sọ bẹ́ẹ̀ kọ́.”

Mo fò dìde, mo kúnlẹ̀ fún un níwájú gbogbo kóòtù. “Fádà, ẹ jọ̀ọ́! Ọ̀rọ̀ kan péré ni!” Inú bí mi sí i ju Akọ̀wé lọ lọ́jọ́ yẹn. Àkànmú ló dá mi lóhùn láti ibi tí wọ́n dè é sí.

“Àjàní, fi Fádà sílẹ̀. Ṣebí ìwọ lo máa ń sọ fáwọn ènìyàn pé wọn kò ní ẹnu níbẹ̀?” Ó kọjú sí àwọn ìjòyè. “Bàbá, mi ò jalè. Ohun tí mo bá Ọlọ́run sọ, èmi àti Ọlọ́run ló kàn.”

Akọ̀wé rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbọ́ ọ fúnra yín. Tí ó bá mọ́, ṣé òyìnbó tirẹ̀ kò ní sọ pé ó mọ́?”

Wọ́n dá ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà fún un, àti ẹgba méjìlá níta kóòtù lọ́sàn-án gangan. Mo ka ẹgba náà. Àbẹ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ wà níbẹ̀, ó di orí mú, kò ké. Akọ̀wé dúró lẹ́nu ọ̀nà kóòtù, ó ń fi kálàmù rẹ̀ ro etí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo lọ sílé Bàbá Súlè, ẹni tó dàgbà jù nínú ẹgbẹ́ wa. Mùsùlùmí òdodo ni. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun tán, ó ń ká ẹní rẹ̀. Mo sunkún fún un, mo ní ẹnu mi ló pa ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbọ́ mi tán, ó ní:

“Dúró ná. Báyìí tí mo kírun tán, mo túúbá lọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ojoojúmọ́ ni mò ń túúbá. Ṣé garawa epo ta ni mo wá jí?”

A wo ara wa. Ó fi ẹní sílẹ̀. “Àjàní, pe àwọn yòókù.”

A da iṣẹ́ sílẹ̀. A to ọkọ́ àti òòlù wa lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, a sì kọrí sí kóòtù, àwa mọ́kànlá tó kù. Nígbà tí a ó fi dé ibẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ lébìrà méjì mìíràn ti dara pọ̀ mọ́ wa. A tò lẹ́yìn ara wa wọ́ọ́rọ́wọ́, a ò pariwo, a ò mú igi dání. Èmi ló wà níwájú.

“Kí lẹ fẹ́?” Akọ̀wé bi wá.

“Ẹ kọ orúkọ mi sílẹ̀. Mo ti jẹ́wọ́.”

“Jẹ́wọ́ kí ni?”

“Ẹ̀ṣẹ̀ mi. Àkànmú náà kò jẹ́wọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ ọ́, kí ẹ nà mí.”

Bàbá Súlè ló tẹ̀ lé mi. “Èmi ti túúbá, láàárọ̀ yìí gan-an. Ẹ má gbàgbé láti kọ orúkọ bàbá mi mọ́ ọn.”

Àbẹ̀kẹ́ kó àwọn obìnrin ilé ọkọ rẹ̀ wá. Ọ̀kan ní òun ti tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyálé òun, kí wọ́n kọ ọ́. Òmíràn ní òun ti bẹ ọkọ òun lánàá. Àwọn ìjòyè ń gbọ́ gbogbo rẹ̀, olórí wọn sì tẹ orí ba. Akọ̀wé kò kọ nǹkan kan. Ó jókòó, ó ń ti kálàmù bọ inú tàdáwà, ó ń yọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́rin la fi ń lọ báyìí, tí ilẹ̀ bá mọ́ a ti dé. Ní ọjọ́ kẹta òjò ńlá rọ̀, ó fọ òkúta lọ lábẹ́ irin létí odò, ọkọ̀ sì dúró gbagidi ní téṣàn Ẹdẹ. Kò sẹ́ni tó lọ tún un ṣe. Ìgbà yẹn ni Ajẹ́lẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ń ṣẹlẹ̀.

Ó gun ẹṣin wá, Fádà sì wá pẹ̀lú rẹ̀. Akọ̀wé sáré síwájú láti túmọ̀, Fádà ní rárá, òun ni yóò túmọ̀. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí Àkànmú bá a sọ. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà nìkan ló sọ: pé ìjẹ́wọ́ tiwa, ọlọ́ṣà ń ṣe é, ọmọdé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lóye ń ṣe é, Pópù gan-an ń kúnlẹ̀ ṣe é.

Ẹ mọ ohun tí Ajẹ́lẹ̀ ṣe? Ó rẹ́rìn-ín! Ẹgba méjìlá lẹ́yìn ọmọ ọlọ́mọ, ó sọ ọ́ di ẹ̀rín. Ó ní kí wọ́n tú Àkànmú sílẹ̀, ká padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ níta pé kò jalè. Ajẹ́lẹ̀ ní àánú lòun fi tú u sílẹ̀, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Akọ̀wé kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kíá, ọwọ́ rẹ̀ kò wúwo mọ́.

A gbé Àkànmú lé èjìká délé. A jó. Òmùgọ̀ ni wá. Ẹni tí wọ́n fi àánú tú sílẹ̀, olè ni lójú ayé. Kò pé ọdún méjì, wọ́n wá tọrọ ọmọbìnrin rẹ̀ àgbà. Àwọn ẹbí ọkọ ṣe ìwádìí ìdílé, wọn kò padà wá mọ́. Wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ọmọ olè epo òyìnbó. Àbúrò ọmọbìnrin náà pẹ̀lú, bákan náà. Àkànmú kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Awo, ìlú ìyá rẹ̀, ó ń dáko níbẹ̀. Ọjọ́ tí mo lọ kí i kẹ́yìn, ó ti rù. Ó ní, “Àjàní, ara mi ti gbàgbé ẹgba. Àwọn ọmọ mi ni kò lọ́kọ.” Ibẹ̀ ló kú sí.

Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá. Akọ̀wé fẹ̀yìn tì, ó kọ́ ilé páànù s'Ẹ́dẹ, ẹ̀gbà sì mú un ní apá kan. Ẹ ní kí n purọ́? Mo dúpẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, iṣu sísè wà níwájú mi, ìyàwó rẹ̀ wọlé, ó kúnlẹ̀.

“Bàbá, ọkọ mi ní kí ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ bá àwọn pe Fádà.”

“Kí ni òun fẹ́ fi Fádà ṣe?”

“Wọ́n ní Àgùdà ni àwọn láti kékeré. Wọ́n ní l'Ékòó ni ìyá wọn ti gbé wọn lọ gba batísí, àwọn sì ti kúnlẹ̀ jẹ́wọ́ rí kí àwọn tó fi í sílẹ̀.”

Iṣu bọ́ lọ́wọ́ mi. Háà! Àṣé ó mọ̀! Ní gbogbo ọdún wọ̀nyí, mo ti rò pé àìmọ̀ àti ìkà ló pàdé nínú rẹ̀. Àṣé ọkùnrin yìí ti kúnlẹ̀ síbi tí Àkànmú kúnlẹ̀ sí, ó mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, ó sì dúró níwájú àwọn àgbà, ó ní olè ní í jẹ́wọ́!

Mo jẹ iṣu náà tán. Obìnrin náà ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo fọ ọwọ́, mo fi igi ta eyín, mo mu omi. Mo fẹ́ kó pẹ́. Lẹ́yìn náà ni mo lọ pe Fádà, Fádà àtijọ́ náà, tó wà ní Ẹdẹ lọ́jọ́ yẹn. Ẹ má yìn mí. Kì í ṣe àánú. Mo mọ ẹ̀kọ́ ìjọ wa pé ẹni tó ba orúkọ ẹlòmíràn jẹ́, ó gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Mo fẹ́ kí Fádà fi ipá fa ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ayé gbọ́. Mo lọ dúró lábẹ́ fèrèsé. Fádà yọjú, ó ní, “Àjàní, kúrò níbẹ̀.” Mo kúrò.

Nígbà tó jáde, mo di apá aṣọ rẹ̀ mú.

“Fádà, ṣé ó sọ ti Àkànmú?”

Ó wò mí. Kò sọ bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó dé fìlà rẹ̀, ó ń lọ.

Mo wọlé tọ ọkùnrin náà. Ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. Ó fi ọwọ́ tó kù fún un dá mi dúró, ó ní, “Àjàní, jọ̀ọ́, dárí jì mí.”

“Kí lo ṣe?”

“O mọ̀ ọ́n.”

“Mi ò mọ̀ ọ́n. Sọ ọ́, kí ìyàwó rẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ kan péré ni.”

Ó wo ìyàwó rẹ̀. Ó wò mí. Ó yí ojú sí ara ògiri. Mo dúró títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, kò yíjú padà. Ọjọ́ kẹta ni wọ́n sin ín.

Ohun tí a jèrè kò kéré o. Ẹnikẹ́ni kò kó lébìrà lọ oko ọjọ́ Àìkú mọ́ ní Ẹdẹ. Kò sí kóòtù tó tún pe Fádà láti bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Tí wọ́n bá bi yín lónìí pé kí ló dé tí ẹ ń sọ ẹ̀ṣẹ̀ yín sétí ènìyàn, ẹ dá wọn lóhùn láìtijú. Mo ti rí i tí etí náà pa ẹnu mọ́ lórí ẹni tí mo fẹ́ràn jù, mo sì ti rí i tó pa ẹnu mọ́ lórí ẹni tí mo kórìíra jù. Òtítọ́ ni. Ó dùn mí, àmọ́ òtítọ́ ni. Ohun tí a pàdánù ni Àkànmú, àti ilé ọkọ àwọn ọmọ rẹ̀. Gbèsè tó kù ni ọ̀rọ̀ kan tó yẹ kí wọ́n sọ níta gbangba, tí wọn kò sọ. Èmi wá sọ ọ́: Àkànmú kò jalè. Ẹnu mi ló kó bá a. Akọ̀wé mọ̀. Ẹ kà á fún wọn ní Awo.

Fádà ní n kò lè gba Ara Olúwa títí n ó fi dárí ji ọkùnrin náà, mo sì gbà pé ẹ̀kọ́ ìjọ wa nìyẹn. Ẹ̀yìn ni mò ń jókòó sí ní Míísà. Ó ti bi mí lọ́pọ̀ ìgbà pé ìgbà wo ni mo fẹ́ jẹ́wọ́ ìkórìíra yìí. Mo sọ fún un pé mo ń bọ̀, tí mo bá ti kábàámọ̀ rẹ̀. Mi ò tíì kábàámọ̀.